Àmì Kékeré Lára Páálí: Àsọyé Lórí Àwọn Ohun Ṣíṣọ̀wọ́n Inú Ọ̀wọ́ Géèmù Super Mario

Okun o, ẹ̀yin bàbá wa. Okun o, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ tí ẹ fi ọ̀nà jíjìn sílẹ̀ wá bá wa péjọ ní Kàbbà lásìkò ọdún yìí. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan wà níjòókòó tí wọ́n ti gbọ́ pé ẹnì kan fi owó tó lè kọ́ odindi àdúgbò ra kásẹ́ẹ̀tì géèmù kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì gbà pé orí ẹni náà kò pé. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín lónìí ni pé nǹkan kan wà nídìí rẹ̀ tó yé àwọn tó ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ. Àwọn ìtàn kéékèèké tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní àheso ni wọ́n fi ń dá ohun ọ̀wọ́n mọ̀ yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a bá yọ ìmọ̀ yẹn kúrò, páálí àti ike lásán ló kù. Ọ̀wọ́ géèmù Super Mario ni mo mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é, àti nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa níhìn-ín kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Ilé iṣẹ́ Nintendo ló ni ín. Ọdún 1889 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìlú Kyoto ní orílẹ̀-èdè Japan, káàdì títa ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1980, wọ́n kó ẹ̀rọ géèmù kan tí wọ́n ń pè ní Radar Scope lọ sí Amẹ́ríkà, irú ẹ̀rọ ńlá tí èèyàn ń dúró níwájú rẹ̀, tó ń sọ owó ẹyọ sínú rẹ̀ kó tó lè ta á. Ọjà náà kò tà. Nǹkan bí 2,000 ló jókòó sínú ilé ìkẹ́rùsí, tí owó ilé sì ń gun orí ara wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Shigeru Miyamoto ni wọ́n ní kí ó wá géèmù mìíràn tí wọ́n lè kì sínú àwọn ẹ̀rọ náà. Popeye, akọni inú eré àwòrán kan, ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lò, wọn kò rí àṣẹ rẹ̀ gbà. Miyamoto bá dá ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀: ìnàkí ńlá kan jí ọmọbìnrin gbé, káfíńtà kúkúrú kan sì ń fò gorí àwọn irin lọ láti gbà á sílẹ̀. Báyìí ni Donkey Kong ṣe jáde ní ọdún 1981. Jumpman ni wọ́n ń pe káfíńtà náà nígbà yẹn. Orúkọ Mario Segale, ẹni tó ni ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n háyà, ni wọ́n padà fi sọ ọ́. Ọkùnrin náà kú ní ọdún 2018, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa fi ìtàn yìí pọ́n òun lé nígbà ayé rẹ̀.

Ìrísí Mario pàápàá, àìtó ààyè ló bí i. Àwọn àmì kékeré onígun mẹ́rin tí wọ́n fún ayàwòrán láti fi ya odindi èèyàn kò ju 16 ní ìbú àti 16 ní òró lọ. Ẹnu kò ṣeé yà níbẹ̀, ló bá ya irunmú ńlá sábẹ́ imú. Irun orí tó ń fò sókè sódò nígbà tí èèyàn bá bẹ́ kò ṣeé yà, ló bá dé e ní fìlà. Kí apá rẹ̀ lè hàn bó bá ń jù ú, ó wọ aṣọ iṣẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀wù abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí géèmù Mario Bros. jáde ní ọdún 1983, káfíńtà ti di pùlọ́ńbà, nítorí pé páìpù ló kún inú eré náà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ ilé ìkẹ́rùsí yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Àpótí Radar Scope jẹ́ pupa. Nítorí náà, àwọn Donkey Kong àkọ́kọ́ tó jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n jẹ́ Radar Scope tí a yí padà, jẹ́ pupa pẹ̀lú. Àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ló jẹ́ búlúù. Ẹni tí kò mọ ìtàn yìí yóò ro pé àwọ̀ lásán ni, yóò sì mú búlúù tó ń dán ju pupa tó ti hó. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò rí ìkùnà ilé iṣẹ́ kan àti ìgbàlà rẹ̀ lójú pátákó pupa kan. Àwọn àgbà Bùnú tó wà níhìn-ín mọ irú ojú yìí dáadáa: bí wọ́n bá gbé aṣọ ìpò síwájú wọn, òwú pupa tí àwọn ahunṣọ tú jáde lára aṣọ òkèèrè ni wọ́n ń wò, òwú yẹn ni wọ́n sì fi ń mọ ìgbà tí wọ́n hun aṣọ àti irú ọwọ́ tó hun ún, nígbà tí àlejò kò rí ju aṣọ pupa lọ.

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1985 ni Super Mario Bros. jáde ní Japan. Gbogbo géèmù náà, pẹ̀lú àwọn ayé mẹ́jọ inú rẹ̀, àwọn ọ̀tá, àti orin tí Koji Kondo ṣe, kò ju kílóbáìtì 40 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fi fóònù yà láàárọ̀ yìí yóò gbà ju ìyẹn lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe lo ohun kan fún iṣẹ́ méjì. Ẹ wo ìkùukùu tó wà lójú ọ̀run nínú géèmù náà, kí ẹ tún wo igbó kékeré tó wà nílẹ̀: àwòrán kan náà ni, wọ́n kàn kun ọ̀kan ní funfun, wọ́n sì kun èkejì ní ewéko.

Àìtó ààyè yẹn náà ló bí ohun tí àwọn ọmọdé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ọdún púpọ̀ jiyàn lé lórí, ìyẹn ayé tí nọ́ńbà rẹ̀ dín sí òdo. Ní òpin ìpele 1-2, ìyẹn ìpele kejì nínú ayé kìíní, ògiri bíríkì kan wà níwájú yàrá tí àwọn páìpù mẹ́ta tó ń gbé èèyàn lọ sí ayé mìíràn wà. Bí ẹni tó ń ta á bá lóṣòó, tó fi ẹ̀yìn fò mọ́ ògiri náà níbi tó yẹ gẹ́lẹ́, Mario yóò gba inú bíríkì kọjá, yóò sì bọ́ sínú yàrá náà kí géèmù tó rí àyè kọ nọ́ńbà tó yẹ sórí àwọn páìpù. Bó bá yára wọ páìpù àkọ́kọ́, géèmù yóò gbé e lọ sí ayé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 36. Ṣùgbọ́n ní ipò 36 láàárín àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí géèmù náà fi ń kọ̀wé, òfìfo ló wà níbẹ̀. Ohun tó máa hàn lójú tẹlifíṣọ̀n kò ní ju ìlà kékeré àti 1 lọ, ni àwọn èèyàn bá ń kà á sí ayé "-1". Inú omi ni ibẹ̀, kò sì lópin, nítorí pé páìpù tó wà ní ìparí rẹ̀ máa ń dá èèyàn padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣe sórí díìsìkì ní Japan yàtọ̀ pátápátá: ìpele mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ó sì ṣeé parí. Nígbà náà, bí ẹni méjì bá ń jiyàn lórí ayé yìí, àwọn méjèèjì lè jàre. Ó kù kí a béèrè ohun tí oníkálukú fi ta á.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ kàn báyìí. Nígbà tí Nintendo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ rẹ̀ ní New York ní ìparí ọdún 1985, wọn kì í fi ọ̀rá wé páálí kásẹ́ẹ̀tì. Sítíkà kékeré roboto kan ni wọ́n fi ń lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rá wé e, ṣùgbọ́n wọn kò tíì yọ ahọ́n páálí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún gbígbé kọ́ sára ìṣó nínú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá, ahọ́n náà pòórá. Nípa bẹ́ẹ̀, sítíkà ṣáájú ọ̀rá, ọ̀rá tó ní ahọ́n sì ṣáájú ọ̀rá tí kò ní in. Géèmù kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, ó sì ti tà ju mílíọ̀nù 40 lọ káàkiri ayé. Síbẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 2019, èyí tó ní sítíkà tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú tà ní dọ́là 100,150. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ọ̀kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé, tí ahọ́n páálí rẹ̀ hàn lábẹ́ ọ̀rá, tà ní gbàǹjo ní dọ́là 660,000. Ẹ̀bùn Kérésì ọdún 1986 ni ẹnì kan fẹ́ fi èyí kejì ṣe. Ó tì í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún ọdún márùndínlógójì.

Páálí Super Mario Bros. 3 tún ń sọ ìtàn tirẹ̀. Àwọ̀ yẹ́lò ni páálí yìí, Mario sì wà lójú rẹ̀ tó na ọwọ́ bí ẹni ń fò, pẹ̀lú etí àti ìrù ẹranko. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "Bros." sí. Lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wà lápá òsì, ó sì bo ara ìbọ̀wọ́ funfun Mario. Ẹnì kan ní ilé iṣẹ́ náà rí i pé kò dára, wọ́n sì sún un sápá ọ̀tún nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ kankan nínú kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú páálí méjèèjì. Ọ̀kan lára àwọn ti apá òsì, tí a kò tíì tú, tà ní dọ́là 156,000 ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Bí mo bá gbé ti òsì àti ti ọ̀tún jókòó sórí tábìlì yìí, mo gbà pé ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú pàápàá lè wò wọ́n fún ìṣẹ́jú púpọ̀ kí ẹ tó rí ohun tó yà wọ́n.

Ní oṣù keje ọdún 2021, Super Mario 64 kan tí a kò tíì tú tà ní mílíọ̀nù 1.56 dọ́là. Mi ò ní fi èrò mi pa mọ́ fún yín: èmi kò rí ọ̀wọ́n nínú èyí. Géèmù náà sún mọ́ mílíọ̀nù 12 tí wọ́n tà, kò sì sí àmì kankan lára páálí yẹn tó sọ ìtàn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè sọ. Máàkì 9.8 nínú 10 tí ilé iṣẹ́ ayẹ̀wò fún un nítorí pé kò hó, tí igun rẹ̀ kò sì tẹ̀, ni wọ́n san owó fún. Bí ìmọ́tótó páálí nìkan bá tó láti gbé iye owó bẹ́ẹ̀ wá, a ti kúrò nínú ìtàn, a ti bọ́ sínú òwò.

Ẹ wá fi wé èyí. Ní ọdún 1990, Nintendo ṣe ìdíje ńlá kan káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣe kásẹ́ẹ̀tì àkànṣe fún un. Géèmù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń díje ní láti kó owó wúrà 50 nínú Super Mario Bros., kí ó sá ọ̀nà kan parí nínú Rad Racer, kí ó sì fi gbogbo àkókò tó kù ta Tetris, géèmù títo bíríkì tó ń já bọ́ láti òkè. Ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ìṣẹ́jú àáyá 21 ni gbogbo rẹ̀. Wọn yóò sọ máàkì Rad Racer di ìlọ́po 10, wọn yóò sì sọ ti Tetris di ìlọ́po 25, kí wọ́n tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó mọ ìṣirò yóò tètè kó owó 50 náà kúrò lọ́nà kí ó lè pẹ́ nídìí Tetris. Nígbà tí ìdíje parí, wọ́n pín 90 lára kásẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú náà fún àwọn tó dé ìpele ìkẹyìn, wọ́n sì fi 26 mìíràn tí wọ́n ṣe ní àwọ̀ wúrà ta àwọn tó ka ìwé ìròyìn wọn lọ́rẹ nípasẹ̀ ìdíje. Àwọn súwíìṣì kéékèèké wà lójú kásẹ́ẹ̀tì náà níta, èyí tí wọ́n fi ń yí àkókò eré padà. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kì í ní irú rẹ̀.

Ọ̀kan lára àwọn aláwọ̀ eérú yìí jáde sí gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù kìíní ọdún 2014. Ojú rẹ̀ kò dára rárá. Lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ya, ẹnì kan sì ti fi bírò kọ "Mario" sórí ohun tó kù lára rẹ̀, bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń kọ orúkọ sára ìwé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n fi owó lé ara wọn títí tí iye rẹ̀ fi sún mọ́ dọ́là 100,000. Ní tèmi, èyí ló yẹ kí ẹnu máa ya èèyàn sí. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé ì bá ti gbé e sọnù láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn mìíràn wà tí wọn kò fìgbà kan jẹ́ ọjà títà. Ní ọdún 1987, Nintendo ṣe ẹ̀rọ àmúlọ́wọ́ Super Mario Bros. kan ní àwọ̀ yẹ́lò, 10,000 péré, fún àwọn tó jẹ ẹ̀bùn nínú ìdíje géèmù eré ìje mọ́tò, wọ́n sì kó o sínú àpótí ike tó ní ojú àti ẹnu. Ní ọdún tó ṣáájú ìyẹn, ètò rédíò kan tí wọ́n ń pè ní All Night Nippon bá Nintendo ṣe ẹ̀dà Super Mario Bros. tí wọ́n ti yọ àwọn ọ̀tá kan kúrò, tí wọ́n fi ojú àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò dípò wọn. Orí díìsìkì ni èyí wà, díìsìkì náà sì ṣeé pa rẹ́: èèyàn lè gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ó san 500 yen, kí wọ́n kọ géèmù mìíràn lé e lórí. Mo máa ń ro iye ohun ọ̀wọ́n tó ti bá ọ̀nà yìí lọ, tó jẹ́ pé ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ ló san owó kí wọ́n pa á rẹ́.

Àwọn ìtàn kan sì wà tí ẹ̀rí wọn pẹ́ kó tó dé. Nínú àgbàlá ilé olódi Super Mario 64, òkúta kan wà tí wọ́n kọ nǹkan sí, ṣùgbọ́n kíkọ rẹ̀ ṣókùnkùn. Àwọn kan kà á sí "L is real 2401", wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn pé Luigi, arákùnrin Mario, wà níbì kan nínú géèmù náà. Ní oṣù keje ọdún 2020, àwọn fáìlì àtijọ́ Nintendo já sí gbangba, a sì rí i pé wọ́n ti yà Luigi lóòótọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe géèmù náà, kí wọ́n tó yọ ọ́. Oṣù kẹfà ọdún 1996 ni géèmù náà jáde ní Japan. Ọdún 24 àti oṣù 1 ló fi pé nígbà tí ẹ̀rí dé. Èèṣì ni mo ka ìbáramu nọ́ńbà yẹn sí. Wíwà Luigi nínú fáìlì kì í ṣe èèṣì.

Kí ló kàn wá nínú gbogbo èyí ní ìwọ̀ oòrùn Kogi? Ó kàn wá, nítorí pé àwa náà ta Mario. Kì í ṣe ẹ̀rọ Nintendo gan-an ni ó pọ̀ jù ní ọwọ́ wa. Àwọn ẹ̀rọ àfarawé rẹ̀ tí wọ́n ń kó wá láti Éṣíà ni, èyí tí a ń pè ní TV game. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sábà máa ń pè ara rẹ̀ ní géèmù ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí a bá sún mọ́ ìsàlẹ̀ àkọsílẹ̀ rẹ̀, a ó rí i pé géèmù díẹ̀ ni wọ́n ń yí orúkọ padà fún, tí wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ọmọ a máa fi ẹnu fẹ́ ẹ kí wọ́n tó tì í sínú ẹ̀rọ. Ó dára kí a mọ̀ pé yíyọ tí a yọ ọ́ tí a sì tún un tì bọ̀ ọ́ ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ọ̀rinrin ẹnu wa ń ba irin inú rẹ̀ jẹ́ ni.

Kò sí ẹni tó ṣe àkọsílẹ̀ ohun wọ̀nyí fún wa, wọ́n sì ń lọ sórí àkìtàn lójoojúmọ́. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀kan nílé ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú, ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí níhìn-ín ní Kàbbà pé kí ó má ṣe fọ lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kí ó má sì ṣe ya á kúrò bó ti wù kó dọ̀tí tó. Kí ó ka eyín bàbà tó wà lẹ́nu rẹ̀: 60 ni ti ẹ̀rọ Japan àti ọ̀pọ̀ àwọn àfarawé rẹ̀, 72 ni ti ẹ̀rọ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà. Bó bá ti là, kí ó wo inú rẹ̀: ti ojúlówó máa ń ní ẹ̀yà dúdú onígun mẹ́rin tó ní ẹsẹ̀ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, àfarawé olówó pọ́ọ́kú sì sábà máa ń ní ọ̀dà dúdú kan tí wọ́n da bo gbogbo rẹ̀. Kí ó ya fọ́tò àkọsílẹ̀ géèmù tó bá hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, kí ó kọ ọdún tí wọ́n rà á, ọjà tí wọ́n ti rà á, àti ẹni tó kó o wá láti Èkó, Kano tàbí Ìlọrin.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ débẹ̀, ìyá kan dìde, ó béèrè bóyá kásẹ́ẹ̀tì tí ọmọ òun fi sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lè mú owó wá. Mo dá wọn lóhùn pé, "Mà á, kò ní mú owó gbàǹjo wá, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú nù." Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ìyàrà ló béèrè ìbéèrè ìkẹyìn. Ó ní òun ti rí géèmù kan rí nínú kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n òun tó jẹ́ pé Mario ni, ṣùgbọ́n ó ń sáré bí ìjì, ó sì ń yí róbótó bí bọ́ọ̀lù, gbogbo èèyàn sì ti sọ fún un pé àlá ló lá. Mo sọ fún un pé kì í ṣe àlá. Somari ni ohun tó ṣe àpèjúwe rẹ̀ jọ jù lọ. Ọdún 1994 ni àwọn kan tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ṣe é, tí wọ́n mú Mario ti Nintendo sọ sínú àwọn ìpele Sonic, géèmù ilé iṣẹ́ Sega tó ń bá Nintendo du ọjà nígbà náà. Mo ní kí ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù kí ó tó kúrò nínú gbọ̀ngàn, kí ó bi í léèrè ibi tí kásẹ́ẹ̀tì náà wà.